Kí Ni Ó Wà Nínú Ọ̀kẹ́ Kan?

Ẹ ṣí ìwé yín, kí ẹ sì mú bíìkì dání, nítorí pé ẹ̀kọ́ òní kì í ṣe kíkà nìkan. A ó kọ nǹkan, a ó sì ṣe ìṣirò.

Èmi tí mo kọ ẹ̀kọ́ yìí, ọmọ Kaboua ni mí, ní ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́. Gaàrí àti sọ́yà ni mo ń tà. Mo ti mọ owó kà lẹ́nu kí n tó mọ̀ ọ́n kọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ nínú yín. Lónìí, mo fẹ́ kí a jọ tú nọ́ńbà kan wò, bí ẹni tú àpò gaàrí sílẹ̀ kí ó lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Orúkọ nọ́ńbà náà ni ọ̀kẹ́ kan. Báyìí ni a ṣe ń kọ ọ́:

20,000

Ẹ kọ 2, kí ẹ sì kọ òdo mẹ́rin tẹ̀ lé e. Àwọn mìíràn ń pè é ní ẹgbàáwàá. Bí ó bá jẹ́ owó sẹ́fà, bébà 10,000 méjì ni. Nọ́ńbà tí ẹ ń ná lọ́jà ni. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀?

IBI TÍ ORÚKỌ NÁÀ TI WÁ

Ọ̀kẹ́ túmọ̀ sí àpò ńlá. Kí owó bébà tó dé, owó ẹyọ ni àwọn baba ńlá wa ń ná. Láti erékùṣù Maldives, ní òkun Íńdíà, ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹyọ ti wá. Ọkọ̀ ojú omi àwọn òyìnbó ni ó ń kó wọn dé etíkun wa. Àwọn ènìyàn a lu ẹyọ ní ihò, wọn a sì sín in sórí okùn. Ogójì ẹyọ ni okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ẹgbàá kan. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ó kún àpò, àpò náà ni ọ̀kẹ́. Ẹ wò ó:

40 lọ́nà 50 = 2,000
2,000 lọ́nà 10 = 20,000

Ẹni tí ó bá ru ọ̀kẹ́ kan lórí, ó ru ẹrù tí ó lé ní ogún kílò. Nítorí náà, ọ̀kẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán fún wọn. Ọrùn wọn mọ̀ ọ́n.

Àlùfáà kan láti ilẹ̀ Jámánì, Adolphus Mann, tí ó gbé láàrin àwọn Yorùbá, kọ̀wé nípa òǹkà wa ní ọdún 1887. Ó ní bí wọ́n bá da ọ̀kẹ́ sílẹ̀, ẹni tí yóò kà á yóò kúnlẹ̀ tàbí kí ó jókòó tì í. Yóò máa mú ẹyọ ní márùn-ún márùn-ún. Bí ó bá mú un nígbà ogún, ó di ọgọ́rùn-ún. Òkìtì ọgọ́rùn-ún méjì di igba. Báyìí ni yóò máa fi igba kún igba títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ení tere, èjì tere, ni ọjà fi ń kún.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ igba dáadáa. Igba ebè ni àwọn àgbẹ̀ Yorùbá fi ń wọn iṣẹ́ oko láti ìgbà pípẹ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ọgọ́rùn-ún igba ni ọ̀kẹ́ kan.

Ẹ JẸ́ KÍ A LÀ Á SÍ MÉJÌ

Ẹ mú 20,000, kí ẹ là á sí méjì. Ẹ tún ìdajì náà là sí méjì. Ẹ máa là á lọ bẹ́ẹ̀:

20,000
10,000
5,000
2,500
1,250
625

Ẹ dúró níbẹ̀. 625 kò ṣeé là sí méjì mọ́, nítorí pé ọ̀kan yóò ṣẹ́kù. Ìgbà mélòó ni a là á? Ìgbà márùn-ún. Nísinsìnyí, ẹ wá pín 625 sí ọ̀nà márùn-ún. Ẹ tún ìdámárùn-ún náà pín sí ọ̀nà márùn-ún, kí ẹ máa lọ bẹ́ẹ̀:

625
125
25
5
1

Ìgbà mẹ́rin ni a pín in kí ó tó di ọ̀kan. Ẹ rí i pé kò sí ohun mìíràn nínú ọ̀kẹ́ bí kò ṣe 2 márùn-ún àti 5 mẹ́rin. Ó dà bí ilé tí a fi oríṣi bíríkì méjì péré kọ́. Kò sí 3 níbẹ̀. Kò sí 7 níbẹ̀. Ohun gbogbo tí a ó rí nípa ọ̀kẹ́ láti ìsinsìnyí lọ, inú bíríkì méjì yìí ni ó ti wá.

ÀWỌN NỌ́ŃBÀ TÍ Ó PÍN ỌKẸ́ DỌ́GBA

Bí a bá pín nǹkan tí kò sì sí ohun tí ó ṣẹ́kù, a ó sọ pé ó pín dọ́gba. Nọ́ńbà mélòó ni ó lè pín ọ̀kẹ́ dọ́gba? Gbogbo wọn nìyí. Ẹ dà á kọ sínú ìwé yín:

1, 5, 25, 125, 625
2, 10, 50, 250, 1,250
4, 20, 100, 500, 2,500
8, 40, 200, 1,000, 5,000
16, 80, 400, 2,000, 10,000
32, 160, 800, 4,000, 20,000

Bí ẹ bá ń lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po márùn-ún èyí tí ó ṣáájú rẹ̀. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ó jẹ́ ìlọ́po méjì. Ìlà mẹ́fà ni, nítorí pé a lè máà mú 2 kankan, a sì lè mú un títí dé márùn-ún. Nọ́ńbà márùn-ún ni ó wà ní ìlà kọ̀ọ̀kan, nítorí pé a lè máà mú 5 kankan, a sì lè mú un títí dé mẹ́rin. 6 lọ́nà 5 = 30. Nítorí náà, ọgbọ̀n nọ́ńbà ni ó pín ọ̀kẹ́ dọ́gba. Kò lé kan, kò dín kan.

Ẹ wá fi ìka tọ́ka sí 40 nínú ìlà wọ̀nyẹn. Iye ẹyọ orí okùn kan nìyẹn. Ẹ tọ́ka sí 50. Iye okùn nínú ẹgbàá nìyẹn. Ẹ tọ́ka sí 200. Igba wa nìyẹn. Ẹ tọ́ka sí 2,000. Ẹgbàá nìyẹn. Àwọn baba wa yan ìwọ̀n tí kì í ṣẹ́kù.

Nísinsìnyí, ẹ ro owó sẹ́fà tí ó wà lápò yín. Owó onírin ni 1, 5, 10, 25, 50, 100, 200, 250 àti 500. Owó bébà ni 500, 1,000, 2,000, 5,000 àti 10,000. Ẹ wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ìlà mẹ́fà yẹn. Gbogbo wọn ni ẹ ó rí níbẹ̀. Ọdún 1945 ni ìjọba Faransé dá owó sẹ́fà sílẹ̀, wọn kò sì ka ẹyọ wa sí rárá. Síbẹ̀, owó tuntun náà bá ọ̀kẹ́ mu, nítorí pé 2 àti 5 kan náà ni a fi kọ́ wọn.

Kí ni èyí wúlò fún? Bí ẹnì kan bá jẹ yín ní 20,000, ó lè fi oríṣi owó kan ṣoṣo san án, kí ó sì pé láìsí ṣéńjì. Bí ó bá jẹ́ bébà 5,000 ni, mẹ́rin ni. Bí ó bá jẹ́ 200 ni, ọgọ́rùn-ún ni. Bí ó bá jẹ́ 250 ni, ọgọ́rin ni. Bí ó bá jẹ́ 25 ni, ẹgbẹ̀rin ni. Ẹni tí ó bá fún yín ní owó 250 tí iye rẹ̀ jẹ́ méjìdínlọ́gọ́rin, owó yín kò pé. Ẹ kò nílò kí ẹnikẹ́ni bá yín kà á.

Ẹ tún ṣàkíyèsí ohun kan sí i. Olúkúlùkù nọ́ńbà inú ìlà wọ̀nyẹn ni ó ní ẹnì kejì. Ẹnì kejì 40 ni 500, nítorí pé 40 lọ́nà 500 jẹ́ 20,000. Ẹnì kejì 32 ni 625. Ẹnì kejì 125 ni 160. Méjì-méjì ni wọ́n, ìdì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò sí èyí tí ó jẹ́ ẹnì kejì ara rẹ̀. Nítorí náà, bí àgbẹ̀ kan bá fẹ́ kọ ebè 20,000, kò lè tò ó kí iye ìlà àti iye ebè orí ìlà jẹ́ ọ̀kan náà. Bí ó bá kọ ìlà 141, tí ó sì fi ebè 141 sórí ìlà kọ̀ọ̀kan, ebè 19,881 ni yóò rí. Bí ó bá ṣe 142, ó di 20,164. Èyí tí ó súnmọ́ ọn jù lọ ni ìlà 125, kí ebè 160 wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan.

OHUN TÍ ỌKẸ́ KỌ̀

Ọ̀kẹ́ kọ 3. Bí ẹ bá pín 20,000 sí ọ̀nà mẹ́ta, 6,666 ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, 2 yóò sì ṣẹ́kù. Ó kọ 6, ó kọ 7, ó kọ 9. Ibi yìí ni ó yẹ kí a ti la ojú wa dáadáa, nítorí pé ibi tí àṣẹ́kù bá wà ni ọwọ́ ẹlòmíràn ti ń wọlé.

Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa. Ní ọjọ́ ọjà kan, àwa obìnrin mẹ́ta da sọ́yà wa pọ̀ kí a lè rí i tà. Ìwọ̀n ti olúkúlùkù wa dọ́gba. 20,000 sẹ́fà ni oníbàárà san. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó bá wa wá oníbàárà náà ni ó gba owó, ó sì ti gba owó iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó fún olúkúlùkù wa ní 6,500. Ó ní, “Ẹ má bínú, ẹ̀yin ìyá. Ọ̀kẹ́ kì í ṣeé pín sí mẹ́ta. Èyí tí ó ṣẹ́kù ni ó wà lọ́wọ́ mi yìí.”

Òótọ́ ni ó fi bo irọ́. Ọ̀kẹ́ kò ṣeé pín sí mẹ́ta lóòótọ́. Ẹ̀gbọ́n wa tí ó dàgbà jù láàrin wa kò pariwo. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú èérún igi, ó kọ ọ́ sílẹ̀:

6,500 lọ́nà 3 = 19,500

Ó ní, “Ọmọ mi, 500 ni ó wà lọ́wọ́ rẹ. 500 kì í ṣe àṣẹ́kù. Mú un wá, kí a tún un pín.” Ọmọkùnrin náà wo ilẹ̀, ó wo ìyá náà, ó sì mú owó náà wá. A tún un pín. 165 ni ó kan olúkúlùkù. Owó 1 sẹ́fà ṣọ̀wọ́n lọ́jà, nítorí náà owó 5 kan ni ó ṣẹ́kù. A fi owó 5 náà sínú àjọ wa. 6,665 ni olúkúlùkù mú lọ sílé.

Ẹ kọ òfin yìí sínú ìwé yín: Àṣẹ́kù tòótọ́ kì í tó iye àwọn tí ń pín in. Bí ènìyàn mẹ́ta bá fi owó 5 pín nǹkan, owó 5 tí yóò ṣẹ́kù kò lè ju méjì lọ. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, a lè tún un pín. Ẹni tí ó bá mọ òfin yìí, kò sí ẹni tí yóò fi “ó kù díẹ̀” mú owó rẹ̀ lọ.

BÍ A ṢE Ń MỌ̀ KÍ A TÓ PÍN

Ọ̀nà kan wà tí a fi ń mọ̀ bóyá nọ́ńbà kan yóò pín sí mẹ́ta tàbí mẹ́sàn-án. Ẹ ka àwọn ojú nọ́ńbà náà pọ̀. Ojú 20,000 ni 2, 0, 0, 0, 0. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 2. Mẹ́ta kò pín 2 dọ́gba, nítorí náà mẹ́ta kò pín 20,000 dọ́gba. Ẹ fi 1 kún un, kí ó di 20,001. Àpapọ̀ ojú rẹ̀ jẹ́ 3, ó sì pín sí mẹ́ta: 6,667. Ẹ tún wo 19,998. 1 àti 9 àti 9 àti 9 àti 8 jẹ́ 36. 3 àti 6 jẹ́ 9. Ó pín sí mẹ́ta, ó sì pín sí mẹ́sàn-án: 2,222.

Kí ló dé tí ó fi rí bẹ́ẹ̀? Ẹ mú bébà 10,000 kan. Ẹ yọ 1 kúrò nínú rẹ̀, ó ku 9,999, èyí tí ó pín sí mẹ́sàn-án láìsí àṣẹ́kù. Bébà kọ̀ọ̀kan ń ṣẹ́ 1 kù. Bébà méjì ń ṣẹ́ 2 kù. 2 náà ni ẹ rí níwájú òdo mẹ́rin. Bákan náà ni 1,000 ṣe ń ṣẹ́ 1 kù, àti 100, àti 10.

Ó ti lé ní 1,000 ọdún tí àwọn oníṣirò tí ń kọ èdè Lárúbáwá ti ń fi ọ̀nà yìí yẹ ìṣirò wò. Ẹ̀yin náà lè lò ó. Ká ní ìwé tí olùrajà fún yín sọ báyìí pé:

7,350
4,825
7,825
Àpapọ̀: 19,000

Ẹ ka ojú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan pọ̀ títí yóò fi ku ojú kan. 7,350 jẹ́ 15, ó di 6. 4,825 jẹ́ 19, ó di 10, ó di 1. 7,825 jẹ́ 22, ó di 4. 6 àti 1 àti 4 jẹ́ 11, ó di 2. Àpapọ̀ tòótọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ 2 pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n 19,000 jẹ́ 10, ó di 1. Kò bá ara wọn mu. Ìṣirò náà kò pé. Ẹ dá ìwé padà, kí ẹ ní kí wọ́n tún un kà. Ọ̀kẹ́ kan gan-an ni ó yẹ kí ó jẹ́.

Kì í ṣe gbogbo àṣìṣe ni àyẹ̀wò yìí ń rí o. Bí ẹnì kan bá kọ 7,530 dípò 7,350, ojú kan náà ni wọ́n ní, àyẹ̀wò kò ní í rí i. Bí kò bá bá ara wọn mu, àṣìṣe wà dájúdájú. Bí ó bá bá ara wọn mu, ẹ ṣì fi ojú yín wo nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan.

LÁTI ỌKẸ́ DÉ MÍLÍỌ̀NÙ

Ẹ máa ń gbọ́ mílíọ̀nù lórí rédíò. Ẹ máa ń gbọ́ ọ ní ìpàdé ìlú nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ kànga tàbí ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé orí mílíọ̀nù, ọ̀pọ̀ nínú wa a dákẹ́, a ó ní ó ti kọjá tiwa. Kò kọjá tiwa. Ní èdè wa, mílíọ̀nù kan ni àádọ́ta ọ̀kẹ́:

20,000 lọ́nà 50 = 1,000,000

Mílíọ̀nù mẹ́rin ni igba ọ̀kẹ́. Bí wọ́n bá ní mílíọ̀nù mẹ́ta ni wọ́n ná sórí nǹkan kan, ẹ sọ ọ́ di ọ̀kẹ́: àádọ́jọ ọ̀kẹ́ ni. Ẹ wá béèrè pé, “Ọ̀kẹ́ mélòó ni ẹ fi ra sìmẹ́ńtì? Ọ̀kẹ́ mélòó ni ẹ san fún àwọn òṣìṣẹ́?” Ìbéèrè ọmọlúàbí ni. Àwọn àgbà ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n owó ìlú kì í ṣe ọmọ ẹnì kan. Ó yẹ kí gbogbo ìlú lè kà á.

Mílíọ̀nù pẹ̀lú, 2 àti 5 nìkan ni ó wà nínú rẹ̀, mẹ́fà-mẹ́fà. Ohun tí ọ̀kẹ́ kan kò lè ṣe, àádọ́ta ọ̀kẹ́ lè ṣe é: ìlà 1,000, kí 1,000 wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, ó pé géérégé.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ má bẹ̀rù òdo púpọ̀. Nọ́ńbà ńlá kò le ju nọ́ńbà kékeré lọ fún ẹni tí ó mọ ohun tí a fi kọ́ ọ. Ẹ là á sí méjì, ẹ pín in sí márùn-ún, ẹ ka ojú rẹ̀ pọ̀. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ

1. Okùn ẹyọ mélòó ni ó wà nínú ọ̀kẹ́ kan?
2. Bí ẹni mẹ́jọ bá pín 20,000, èló ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan? Bí ó bá jẹ́ ẹni méje ńkọ́? Èló ni yóò ṣẹ́kù?
3. Owó 50 sẹ́fà mélòó ni ó pé ọ̀kẹ́ kan?
4. Olùrajà kọ ọ́ pé 3,650 àti 8,275 àti 6,075 jẹ́ 17,500. Ẹ ka ojú wọn pọ̀. Ṣé òótọ́ ni? Èló ni ó yẹ kí ó jẹ́?
5. Ọ̀kẹ́ mélòó ni ó wà nínú mílíọ̀nù méjì?
6. Ẹ wá nọ́ńbà kan tí ó pín ọ̀kẹ́ dọ́gba, kí ẹ sì wá ẹnì kejì rẹ̀. Ẹ fi han ẹni tí ó jókòó tì yín.